Àwo Kan Náà: Ìtàn Oúnjẹ àti Ìsanra nínú Ìdílé ní Agbègbè Ìwó

Ilé-Ogbó, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wà lára àwọn ìlú àgbẹ̀ agbègbè Ìwó, níbi tí ìdílé, bíi ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ti máa ń fi oúnjẹ kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ méjì tí ó dà bí ẹni pé wọ́n tako ara wọn: ìkókó ni wọ́n ń fi ipá bọ́, ọmọ tí ó ti ń dá jẹun ni wọ́n ń kó níjàánu.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni rírọ ọmọ, ìyẹn ni pé kí ìyá tàbí ìyá àgbà gbé ìkókó lé itan, kí ó ká àtẹ́lẹwọ́ bí àrọ sí i lẹ́nu, kí ó sì máa da ẹ̀kọ mímu tàbí àgbo, tí í ṣe omi egbòogi, sí i lọ́fun bí ó tilẹ̀ ń ké. Ìbẹ̀rù ni ó bí àṣà náà, nítorí ikú ọmọdé wọ́pọ̀, ọmọ tí ó bá sì ń rù ni wọ́n máa ń fura sí pé àbíkú ni. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni òṣùwọ̀n ìyá: bí okùn rẹ̀ bá ń fún, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, bí ó bá ń yọ̀, ìdààmú dé. Nígbà tí David Morley, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ní nǹkan bí 1957, rírù ni òun náà ń ṣọ́. Káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí níbẹ̀ ni ó sì tàn ká ayé.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ó yẹ kí òpìtàn fara balẹ̀ wò. Inú àwo kan náà ni àwọn ọmọ ti ń jẹ àmàlà tàbí iyán, ẹran á sì wà ní ìsàlẹ̀ àwo títí àgbà inú wọn yóò fi pín in. Ọmọ tí ó bá yára ṣáájú, wọ̀bìà tàbí alájẹkì, ìyẹn ẹni tí ikùn rẹ̀ kì í kún, ni wọ́n ń pè é. Ẹyin ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ ọmọdé, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá tètè mọ adùn rẹ̀ lè di olè. Èyí pa ọmọ lára, nítorí ohun tí ara tí ń dàgbà ń fẹ́ gan-an ni wọ́n fi dù ú. Síbẹ̀ ìtìjú orúkọ wọ̀bìà kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láti dá ọwọ́ dúró. Ààwẹ̀ Ramadan, tí ọmọdé máa ń fi ìdajì ọjọ́ kọ́ ní àwọn ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ yìí, tún fi hàn wọ́n pé ebi kì í ṣe ikú.

Ní ti àwọn àgbàlagbà, ọkọ́ àti ìrìn oko ni ó ń gba òkèlè ńlá lára àgbẹ̀. Ìsanra ṣọ̀wọ́n nígbà náà, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ àmì ẹni tí ayé yẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá kò ní iyàrá tí wọ́n ti ń bọ́ wúńdíá sanra bí ti àwọn Èfìk ní Kàlàbá. Nígbà tí ilé ìwé, mọ́tò àti iṣẹ́ ìjókòó dé, tí àwo ọmọ kọ̀ọ̀kan sì dá dúró, ojú àgbà kúrò lára ẹran, ṣùgbọ́n àṣẹ pé kí ọmọ jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán kò kúrò. Ìjánu já, ipá kù. Títí di òní, ọmọ ìlú tí ó bá tẹ̀lé ìmọ̀ràn dókítà ní Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì dín ara kù, lè délé kí ìyá rẹ̀ ké pé ó mà ti rù o, kí ó sì wọ inú ilé ìdáná lọ ro àmàlà míì.