Owó Ẹyọ, Orí, àti Ojú Tó Ríran: Bí Ẹgbẹ́ Tí Kò Rọ́wọ́ Mú Ṣe Ń Rí Akọni

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní Òdòde-Ìdànrè níbi tí mo ń gbé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú àríyànjiyàn òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá mi. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí wọ́n dá sílẹ̀ láàrin ara wọn ti pàdánù eré mẹ́fà léraléra. Àwọn kan ní kí wọ́n dáwó jọ, kí wọ́n lọ bẹ ọmọkùnrin gíga kan ní Àkúrẹ́ kí ó wá bá wọn gbá a. Àwọn mìíràn fárígá, wọ́n ní ọmọ Ìdànrè ni kó gbá bọ́ọ̀lù Ìdànrè. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ará Amẹ́ríkà ńkọ́? Bí ẹgbẹ́ wọn bá ń kúṣẹ̀ẹ́, níbo ni wọ́n ti ń rí akọni tó ń kó wọn yọ?"

Ìdáhùn ṣókí ni mo fún un lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí nínú ìtàn tó dáhùn ìbéèrè rẹ̀ jù lọ, ọmọ Yorùbá kan ló wà láàrin gbùngbùn.

Ní ọdún 1981, ẹgbẹ́ Houston Rockets ti ìpínlẹ̀ Texas dé àṣekágbá líìgì NBA. Moses Malone ni òpómúléró wọn. Ní 1982, wọ́n yan Malone ní agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ nínú líìgì náà, àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ sì parí lọ́dún yẹn kan náà. Philadelphia 76ers fi owó ńlá lọ̀ ọ́. Houston kò fẹ́ san irú owó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù kan àti ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀dọ́ kan lọ́jọ́ iwájú ni wọ́n gbà dípò rẹ̀. Ní 1983, Philadelphia gba ife ẹ̀yẹ. Houston ńkọ́? Nínú eré 82, 14 péré ni wọ́n borí.

Ẹni tó bá lówó lè ra akọni. Èyí kò ṣòro láti yé wa. Ohun tó yẹ ká dúró yẹ̀wò ni ọ̀nà tí ẹni tí kò fẹ́ náwó, tàbí tí kò ní i, ń gbà. Nínú líìgì NBA, owó kọ́ ló ń pinnu ẹni tí yóò mú ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde bọ̀ láti yunifásítì. Ọdọọdún ni wọ́n ń pe àwọn ẹgbẹ́ jọ láti yan àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ tó kúṣẹ̀ẹ́ jù ló sì ń sún mọ́ ìkòkò ṣáájú, bí ìyá ṣe máa ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún ọmọ tó ń ṣòjòjò. Láti 1966 títí di 1984, ẹni ìkẹyìn ní ìlà oòrùn àti ẹni ìkẹyìn ní ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n ń ju owó ẹyọ sókè fún, kí a lè mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ yàn.

Ní 1969, ó bọ́ sáàrin Milwaukee àti Phoenix, ẹgbẹ́ tuntun méjèèjì tí kò ju sáà kan lọ nínú líìgì. Phoenix pe orí. Orí kò yọ. Milwaukee ló mú ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo ayé padà mọ̀ sí Kareem Abdul-Jabbar, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ní 1971. Ní 1979, Chicago náà pe orí, orí tún kọ̀, Magic Johnson sì di ti Los Angeles Lakers. Lakers kò tilẹ̀ kúṣẹ̀ẹ́ rárá. Ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ mìíràn ni wọ́n ti gbà sọ́wọ́ ṣáájú ìgbà náà. Èmi kì í ṣe onífá, ṣùgbọ́n Yorùbá wo ló máa gbọ́ pé ènìyàn ké pe orí tí orí kò jẹ́ ẹ, tí kò ní fọwọ́ kan orí tirẹ̀?

Ní 1983, Houston àti Indiana ni wọ́n ju owó ẹyọ fún. Houston borí, wọ́n mú Ralph Sampson, òmìrán tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íńṣì 4. Sampson dára, àmọ́ ìyàn kò tíì tán nílé wọn. Ní sáà tó tẹ̀lé e, eré 29 ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 53, wọ́n sì tún di ẹni ìkẹyìn ní ìwọ̀ oòrùn. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n tìfura-tìfura. Lápá ìparí sáà náà, nínú eré kan pẹ̀lú San Antonio tó wọ àfikún àkókò, wọ́n fi Elvin Hayes, ẹni ọdún 38 tó ń palẹ̀ mọ́ láti fẹ̀yìn tì, sí gbàgede fún odindi ìṣẹ́jú 53. Àgbàlagbà tí òmíràn ìbá ti fún ní àga kí ó sinmi! Àwọn alátakò ní ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń pàdánù kí wọ́n lè tún dé ìdí owó ẹyọ.

Ẹ̀sùn ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, òfin gan-an ló kọ́kọ́ jẹ̀bi. Bí o bá sọ fún ọmọ pé ẹni tó bá ń ṣàìsàn ni yóò jẹ ẹran, má ṣe bínú bí inú rírun bá gba gbogbo ilé kan.

Ta ni ẹran tí wọ́n ń dù náà? Hakeem Ọlájùwọ́n ni, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó ní ọjọ́ 21, oṣù kìíní, 1963, tí àwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ńtì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, aṣọ́lé ni. Ó tún ń gbá hándìbọ́ọ̀lù. Ó ti tó ọmọ ọdún 15 kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ Muslim Teachers College ní Èkó. Ẹsẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó fi ń tan àwọn òmìrán jẹ nígbẹ̀yìn, orí pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ni ní bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Áfíríkà, Christopher Pond, ló rí i tó sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Houston. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé nígbà tí ọmọ náà gúnlẹ̀ ní 1980, ẹnikẹ́ni kò wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ní kí ó wọ takisí máa bọ̀. Ẹ fi ojú inú wò ó: ẹni tí ẹgbẹ́ ńláńlá yóò torí rẹ̀ máa ju owó ẹyọ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, takisí ló dá wọ̀ wá. Ní ìgbà ẹ̀rùn, ó máa ń lọ sí gbọ̀ngàn ìṣeré kan tí wọ́n ń pè ní Fonde, níbi tí Moses Malone, àní Malone tí Houston jẹ́ kó lọ, ti ń fi igbọ̀nwọ́ àti èjìká kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù àgbà. Akọni àná ló ń tọ́ akọni ọ̀la dàgbà fún ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ náwó lé òun lórí. Lọ́dún mẹ́ta léra wọn, 1982 sí 1984, yunifásítì rẹ̀ wà lára mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà.

Nígbà tí 1984 dé, Houston àti Portland ni wọ́n ju owó ẹyọ fún. Ìyà tí Indiana jẹ ló sọ Portland di alábàápín, nítorí wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ Indiana sọ́wọ́. Houston borí, wọ́n mú Ọlájùwọ́n. Portland, tó yàn ṣìkejì, mú Sam Bowie. Chicago ṣìkẹta, wọ́n mú Michael Jordan. Houston borí eré 48 ní sáà tó tẹ̀lé e, wọ́n sì dé àṣekágbá ní 1986. Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tí owó ẹyọ pinnu irú nǹkan bẹ́ẹ̀: láti 1985, kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ láàrin gbogbo àwọn tí kò wọ ìpele tó kẹ́yìn, New York sì ni kèké àkọ́kọ́ mú, wọ́n mú Patrick Ewing.

Síbẹ̀, rírí akọni ọ̀tọ̀, dídi í mú ọ̀tọ̀. Wọ́n ta Sampson ní 1987. Ní 1992, ìjà dé láàrin Ọlájùwọ́n àti ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ìpalára ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣòótọ́, òun náà sì ní kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Ká ní wọ́n gbọ́ tirẹ̀ ni, asán ni gbogbo owó ẹyọ yẹn ìbá já sí. Wọ́n parí ìjà. Ní 1994 wọ́n na New York ti Ewing, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ. Ní oṣù kejì 1995, wọ́n fi Otis Thorpe ṣe pàṣípààrọ̀ fún Clyde Drexler, ọ̀rẹ́ Ọlájùwọ́n láti yunifásítì, wọ́n sì tún gba ife náà.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé ẹni tó bá fìdí rẹmi tó ni akọni ń tọ́ sí. Lọ́dún 2013, Milwaukee kò burú jù. Wọ́n wọ ìpele tó kẹ́yìn, ìyẹn ló jẹ́ kí ìyàn wọn dé ipò 15. Ẹni tí wọ́n mú ni ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kejì nílẹ̀ Gíríìsì, tí wọ́n bí ní Athens fún bàbá Yorùbá tó ti Èkó lọ. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ilé bàbá rẹ̀; àwọn ará Gíríìsì ló kọ ọ́ títí ó fi di Antetokounmpo. Ẹgbẹ́ mẹ́rìnlá ló ti kọjá lórí Giannis kí ó tó kan Milwaukee. Sáà tó tẹ̀lé e, Milwaukee pàdánù eré 67, kò sí ẹgbẹ́ tó burú tó wọn. Ìyà yẹn ló fún wọn ní ipò kejì ní 2014, wọ́n fi mú Jabari Parker, ọmọ tí gbogbo ènìyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Akọni tí wọ́n ń torí rẹ̀ jìyà ti ń jókòó sínú ilé wọn láti ọdún kan sẹ́yìn.

Mo ti sọ ìyẹn fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Mo ní kí wọ́n tó dáwó lọ sí Àkúrẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo àwọn aṣọ́lé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Aládé àti Àtòsìn, pàápàá àwọn tí apá wọn gùn.

Ní oṣù keje 2021, Giannis nìkan jẹ ojú àmì 50 lálẹ́ ọjọ́ tí Milwaukee gba ife ẹ̀yẹ, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà Abdul-Jabbar ní 1971. Ẹgbẹ́ tí wọ́n nà lálẹ́ ọjọ́ náà ni Phoenix, àwọn tí wọ́n pe orí ní 1969.