Ohun Èlò Ilé Bàjẹ́, Owó Kò Sí: Ìtàn Èésú, Àjọ àti Sògúndogójì

 Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí á fi ṣí ilẹ̀kùn ìtàn tòní: sògúndogójì. Ẹni tí ó bá mọ òǹkà Yorùbá yóò rí ìtumọ̀ rẹ̀ láìbéèrè: sọ ogún di ogójì. Orúkọ tí àwọn baba wa fún ayánilówó elélé nìyẹn. Ní ayé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n máa ń sín sórí okùn kan. Ẹni tí ó bá gba ààbọ̀ okùn lọ́wọ́ sògúndogójì, odidi okùn ni yóò dá padà. Iye èlé ti wà nínú orúkọ ẹni tí ń gbà á.

Àwọn wo ni wọ́n ń lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀? Bí a bá bi àwọn àgbà, wọn á ní ẹni tí ó fẹ́ ṣe òkú bàbá rẹ̀ ni, tàbí ẹni tí ó fẹ́ gbé ìyàwó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbèsè mìíràn wà tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀ nínú ìwé ìtàn. Ohun èlò ilé kan bàjẹ́, oúnjẹ oòjọ́ sì dúró lé e lórí, owó tí a ó fi ra òmíràn kò sí. Ọ̀nà tí àwọn tálákà ilẹ̀ Yorùbá ń gbà bọ́ lọ́wọ́ gbèsè bẹ́ẹ̀ ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Èrò tèmi ni pé wọ́n mọ ọgbọ́n rẹ̀ ju bí àwa ọmọ wọn ti rò lọ.

Láyé àtijọ́, ohun èlò ilé kò pọ̀ ju ìkòkò, igbá, odó, ọlọ, àmù àti àwo lọ. Igbá tí ó bá là, a kì í jù ú nù. Wọ́n á lu ihò wẹ́wẹ́ sí etí méjèèjì ibi tí ó ti là, wọ́n á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ rán an pọ̀, igbá náà á sì tún gba àgbàdo tàbí ẹ̀wà bí kò bá tilẹ̀ gba omi mọ́. Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní àkúfọ́, wọn á bá a fi kó ilẹ̀. Nítorí náà ni wọn kì í fi í tètè pè é bẹ́ẹ̀. Ìkòkò ní tirẹ̀ kò ṣe é rán. Nígbà tí ó bá fọ́, orúkọ ni ó ń pààrọ̀: ó di àpáàdì. Àpáàdì ni a fi ń fọn ògúnná láti ilé kan dé èkejì, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ẹni tí ó bá dé Ilé-Ifẹ̀ lè rí ibi tí wọ́n to àpáàdì lógbòóró sí ilẹ̀ bí ẹní, iṣẹ́ tí àwọn awalẹ̀pìtàn sọ pé ó ti wà láti bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ìtàn ìlú náà so iṣẹ́ yìí mọ́ orúkọ Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni.

Bí odó bá là ńkọ́? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́tí sí. Èdè wa ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì níbi tí ọ̀kan ṣoṣo ti tó fún ọ̀pọ̀ èdè. "Yá" ni ti ohun tí a ó dá òun gan-an padà: mo yá odó, mo yá àdá, mo yá aṣọ. "Wín" ni ti ohun tí a ó ná tàbí tí a ó jẹ tán, tí ó jẹ́ pé irú rẹ̀ ni a ó san: mo wín iyọ̀, mo wín owó. Ara "wín" ni a ti rí "àwìn". Lónìí a ti pa méjèèjì pọ̀, a ń yá owó bí ẹni yá odó, àwọn àgbà díẹ̀ ni wọ́n ṣì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ náà kì í sì í ṣe ti ẹnu lásán. Odó kì í bímọ sọ́wọ́ ẹni tí ó yá a. Owó ni ó ń bímọ. Nínú agbo ilé tí ìyàwó mẹ́wàá wà, odó mẹ́ta lè tó wọn lò. Èyí tí odó rẹ̀ là á yá ti ẹlòmíràn títí agbẹ́dó á fi gbẹ́ tuntun fún un. Kò sí gbèsè níbẹ̀ àfi gbèsè ọpẹ́.

Owó gan-an ni ó le. Ọ̀nà tí ó gbóná jù ni ìwọ̀fà. Olówó á ka owó sílẹ̀, ajigbèsè fúnra rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, á sì máa sin olówó náà. Gbogbo iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe, èlé lásán ni. Kò dín ẹyọ kan kúrò nínú owó tí a gbà. Ọmọ lè dàgbà sí ìdí ìwọ̀fà nítorí owó tí kò pọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kú ní 1901, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ sì jáde ní 1921, tún ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní dídógò tini. Olówó tí kò rí owó rẹ̀ gbà á rán ológò lọ sí ilé ajigbèsè. Ológò á jókòó síbẹ̀, á máa bú gbogbo ilé, á máa mú adìyẹ tí ó bá rí pa jẹ, títí ìtìjú yóò fi mú kí ẹbí wá owó náà jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn káàkiri gba orúkọ òṣómàáló nítorí irú ìwà yìí: "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi." A ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín lónìí. Ẹni tí wọ́n lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lójú àna kò rẹ́rìn-ín.

Nínú ìwé kan náà ni Johnson ti kọ nípa èésú. Àwọn ènìyàn á kó ara wọn jọ, wọ́n á yan olórí, iye kan náà ni oníkálukú á máa dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan títí á fi kárí. Ó ní èyí ni ó ń jẹ́ kí tálákà lè ṣe ohun tí ó gba owó lápapọ̀. Ká ní obìnrin mẹ́wàá ń dá ṣílè méjì-méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á ti fọwọ́ kan pọ́n-ùn kan lódidi, láìsí èlé, láìsí ohun ìdógò. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó gbé Ilé-Ifẹ̀, kọ àpilẹ̀kọ pàtàkì lórí rẹ̀ ní 1952. Ọ̀rọ̀ náà ti rin ìrìn àjò jìnnà: ní Trinidad, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá gbé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, "susu" ni wọ́n ń pè é títí di òní, ní Bahamas, "asue" ni.

Àjọ yàtọ̀ díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé níbòmíràn orúkọ kan náà ni wọ́n fún méjèèjì. Owó ara ẹni ni a ń dá fún alájọ. Alájọ á wá sí ìsọ̀ lójoojúmọ́, á sàmì sí káàdì. Lópin oṣù, owó ọjọ́ kan ni tirẹ̀. Ẹni tí ń dá 200 náírà lójúmọ́ fún ọjọ́ 31 yóò gba 6,000, alájọ á mú 200. Ẹ fi wé ogún tí ó di ogójì. Òkìkí iṣẹ́ yìí ni ó sọ Bàbá Alájọ Ṣómólú, tí ó kú ní 2012, di àfiwé lẹ́nu àwọn ará Èkó: ẹni tí orí rẹ̀ bá pé, wọ́n á ní ó pé bí ti alájọ Ṣómólú. Mi ò ní purọ́, alájọ mìíràn ń sá lọ. Èésú náà ní àbùkù: ìbàjẹ́ kì í dúró de ipò ẹni. Ẹ ó rí i bí wọ́n ti ń yanjú ìyẹn láìpẹ́.

Ohun tí ń bàjẹ́ nínú ilé yí padà. Tánganran dé, fìtílà dé, sítóófù dé. Àwọn tí ń fi òjé dí ihò ìdí abọ́ sì dé pẹ̀lú wọn. Rédíò dé, a pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà tí ìjọba san owó Údọ́jì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 1975, fáànù àti fíríìjì wọ ilé ẹni tí kò ní in rí. Lẹ́yìn náà ni ètò SAP ti 1986 bẹ̀rẹ̀, náírà já wálẹ̀, ohun tuntun sì di ohun àwòmọ́jú. Ìgbà náà ni Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun, di orúkọ ọkọ̀ àti fíríìjì àlòkù. Òwò náà ní ìdọ̀tí tirẹ̀. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ṣe ìwádìí ní Èkó, wọ́n sì rí i pé púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n àlòkù tí ń gúnlẹ̀ kò ṣe é tún ṣe mọ́. Síbẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n jókòó sí ẹ̀bá títì gba ọ̀pọ̀ ilé là. Wọ́n mọ̀ pé fáànù tí ń kùn tí kò sì yí, kàpásítọ̀ kékeré inú rẹ̀ ni ó máa ń kú jù, kì í ṣe fáànù. Wọ́n mọ̀ pé fíríìjì tí kò tutù dáadáa, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ní 1994, fíríìjì ìyá mi dákẹ́. Omi tútù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ó ń tà, nítorí náà ọjà ni ó kú. Ọkùnrin tí ń tún un ṣe ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti jóná. Ó lè wá àlòkù rẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju èrè oṣù méjì lọ. Ayánilówó kan wà ní òpópónà wa, ẹgbẹ̀rún kan á di ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún kí oṣù tó parí. Ìyá mi kò lọ. Ó gbé àmù ìyá rẹ̀ jáde, ó gbé e ka orí yanrìn tí ó ń fi omi tútù wọ́n ní àárọ̀ àti ọ̀sán. Amọ̀ a máa làágùn: omi tí ó ń gba ara àmù jáde a gbẹ, gbígbẹ rẹ̀ sì ń mú ooru inú lọ. Kò tutù bí yìnyín, ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń rà á. Lẹ́yìn náà ó lọ bá obìnrin kan tí ń ta èlùbọ́ nínú èésú wọn. Ipò kẹsàn-án ni ti ìyá mi, ìkẹta ni ti ìyẹn. Wọ́n pààrọ̀ ipò lójú olórí èésú, ó tán. Èlùbọ́ obìnrin náà nìkan ni a jẹ títí ọdún fi parí. Bóyá èlé tirẹ̀ nìyẹn.

Sògúndogójì ti wọ inú fóònù báyìí. Ẹni tí fíríìjì rẹ̀ bàjẹ́ lè gba owó kí ó tó dìde lórí ìjókòó. Bí ọjọ́ bá sì yẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ àti àna rẹ̀ pé olè ni. Ní 2022 ni FCCPC, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀ fún wọn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn. Ẹni tí ó bá ka Johnson yóò mọ ológò bí ó tilẹ̀ pààrọ̀ aṣọ. Adìyẹ nìkan ni kò lè pa jẹ mọ́.

Èésú náà ti wọ inú fóònù. Mo mọ ẹgbẹ́ kan, àwọn aránṣọ àti tíṣà ni wọ́n pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n fi ipò kan sílẹ̀ lọ́dọọdún tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, sítóófù rẹ̀ tàbí fíríìjì rẹ̀ bá bàjẹ́ ni yóò kó o, yóò sì máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé. Bí ọdún bá parí tí kò sí ẹni tí ó nílò rẹ̀, wọ́n á pín in. Lọ́dún tí ó kọjá, wọn kò rí nǹkan pín.