Ó wu aáyán kó jó: ìtàn ogun tá à ń bá aáyán jà

1.
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ aáyán lónìí. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ o, ìtàn ni. Ó gùn díẹ̀, ẹ rọra máa bá mi bọ̀. Tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ máa mọ ìdí tí oògùn tẹ́ ẹ̀ ń fín ò fi ṣiṣẹ́ mọ́, àti ìdí tó fi lè ṣe ẹ̀yin gan-an léṣe.

2.
Àwọn àgbà ní, "Ó wu aáyán kó jó, adìyẹ ni ò jẹ́." Ẹni tí alágbára ń dí lọ́wọ́ la máa ń fi òwe yìí bá wí. Àmọ́ ìtàn ilé wa náà wà nínú ẹ̀. Nínú agbo ilé, adìyẹ ń jẹ̀ kiri, aáyán tó bá yọjú di oúnjẹ. Adìyẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí oògùn inú agolo tó dé.

3.
Lónìí ńkọ́? Face-me-I-face-you, họ́sítẹ́ẹ̀lì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Ta ló fẹ́ sin adìyẹ níbẹ̀? Adìyẹ lọ, aáyán dúró.

4.
Oríṣi méjì ló pọ̀ nínú ilé wa. Ọ̀kan tóbi, ó pupa rúsúrúsú, inú sókáwéè àti gọ́tà ló ti ń jáde, ó sì lè fò lu èèyàn lójú. (Ẹ mọ ariwo tó ń tẹ̀ lé e.) Èkejì kéré, ìlà dúdú méjì wà lẹ́yìn orí ẹ̀. Ìdí gáàsì àti ẹ̀yìn fíríìjì ni ilé ẹ̀.

5.
Lọ́dún 1758, Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, fi orúkọ Amẹ́ríkà pe èyí tó tóbi. Kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà rárá. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ló ti wá. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e sọdá òkun, àwọn onímọ̀ sì ka àwọn ọkọ̀ tó ń kó èèyàn wa lẹ́rú mọ́ ọn. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó ṣókùnkùn, tó móoru, tí wọ́n de èèyàn mọ́lẹ̀ sí: irú ibẹ̀ gan-an ni aáyán fẹ́ràn.

6.
Èyí tó kéré, Linnaeus pè é ní ti Jámánì lọ́dún 1767. Ní Rọ́ṣíà, wọ́n ń pè é ní ará Prussia. Àwọn kan ní Jámánì ní ará Rọ́ṣíà ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà pé ilé òun ló ti jáde! Lọ́dún 2024 ni ìwádìí já a: wọ́n yẹ àbùdá aáyán 281 láti orílẹ̀-èdè 17 wò, wọ́n sì rí i pé ìhà Íńdíà tàbí Myanmar ló ti ṣẹ̀ wá, ní nǹkan bí 2,100 ọdún sẹ́yìn. Àwa èèyàn la gbé e káyé.

7.
Ó kan oògùn wàyí. Lọ́dún 1939, Paul Müller ará Switzerland rí i pé DDT ń pa kòkòrò. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1948. Aráyé rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Oògùn míì tó ń jẹ́ chlordane náà dé. Àmọ́ nígbà tó fi máa di 1953, wọ́n ti rí aáyán ní ìlú Corpus Christi, ní Texas, tí chlordane ò ràn mọ́.

8.
Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Ká ní aáyán 1,000 wà nílé yín, tí ara mẹ́wàá nínú wọn le. Ẹ fín oògùn, 990 kú. Mẹ́wàá yẹn ló kù tó máa bímọ. Àpò ẹyin kan ṣoṣo ti èyí kékeré lè ní ẹyin 30 sí 40, ọmọ á sì jọ ìyá. Ẹ tún fín in, èyí tó le jù ló tún ṣẹ́ kù. Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣa akọni jọ fún un.

9.
Ibi tó ti bani lẹ́rù nìyí. Lọ́dún 1936, ará Jámánì kan, Gerhard Schrader, ń wá oògùn kòkòrò. Ó rí ọ̀kan tó le débi pé ìjọba sọ ọ́ di ohun ìjà ogun: tabun. Ìdílé tabun yẹn ni DDVP ti wá. Òun ló wà nínú ìgò tí gbogbo wa ń pè ní Sniper, àti nínú púpọ̀ lára ọ̀tapíàpíà inú ọjà.

10.
Ohun kan wà nínú ara tó ń jẹ́ kí iṣan sinmi lẹ́yìn iṣẹ́. DDVP á dè é mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aáyán fi ń dojú sókè tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n. Àwa náà ní ohun yẹn lára o! Itọ́ á máa dà, òógùn á bò èèyàn, mímí á di ogun. Ẹ má fín in kẹ́ ẹ tilẹ̀kùn sùn sínú ẹ̀. Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré, 100ml sí ìsàlẹ̀, torí ẹ̀mí tó ń bá a lọ.

11.
Wọ́n wá ronú pé, dípò ká máa lé e, ká fi májèlé sínú oúnjẹ dídùn. Ìdẹ yìí ṣiṣẹ́ gan-an. Àfi bó ṣe di pé aáyán kan ní Florida ò jẹ ẹ́ mọ́. Lọ́dún 1993, Jules Silverman ṣàlàyé pé ṣúgà inú ìdẹ ni wọ́n ń sá fún. Ìwádìí ọdún 2013 fi hàn pé ṣúgà náà ti di ìkorò lẹ́nu wọn. Ẹ gbọ́ ná: adùn di ìkorò, kí wọ́n má bàa kú!

12.
Ṣé ká kúkú fi wọ́n sílẹ̀? Rárá. Lọ́dún 1997, ìwádìí lórí ọmọ 476 tó ní ikọ́ fée láwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tí ara wọn kọ aáyán, tí nǹkan ara aáyán sì pọ̀ ní yàrá wọn, ló ń dé ọsìbítù jù. Àwọn ọmọ tálákà ló pọ̀ nínú wọn.

13.
Kí ló wá ṣiṣẹ́? Lọ́dún 2009, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde láti ilé ìjọba ní New York. Àwọn ilé kan ń bá oògùn fífín wọn lọ. Nínú àwọn yòókù, wọ́n fọ ilé, wọ́n dí ihò, wọ́n fi oògùn díẹ̀ sí ibi tó yẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, aáyán dín kù gan-an níbi tí wọ́n ti dí ihò.

14.
Torí náà, lálẹ́ òní:
– Ẹ nu omi ìdí síǹkì gbẹ. Omi ló ṣe kókó fún un jù.
– Ẹ má fi abọ́ ìdọ̀tí sùn. Ẹ bo ìkòkò, ẹ da ilẹ̀ nù.
– Ẹ kó páálí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì síta.
– Ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí ihò ara ògiri.
– Boric acid fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní kọ̀rọ̀, níbi tọ́wọ́ ọmọdé àti oúnjẹ ò lè dé.
– Ẹ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Ògiri kan náà lẹ jọ ní.

15.
Ó lé ní 80 ọdún tá a ti ń wá oògùn kan ṣoṣo tó máa pa aáyán run. Gbogbo èyí tá a rí ló ń kọ́ bó ṣe máa yè é, àwa la sì ń fa èéfín ẹ̀ símú. Ohun tí ò tíì kọ́ ni bó ṣe máa gbé láìsí omi, láìsí oúnjẹ, láìsí ihò.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí rúùmétì yín tí kì í fọ abọ́. Ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ o.