Ogójì ọdún àríyànjiyàn lórí eré fídíò àti ìlera (1981–2022)

Ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn òbí bá wá gba ìwé èsì ọmọ wọn, ìbéèrè kan wà tí ó máa ń padà wá síwájú àwa olùkọ́. Ìyá kan á fi ohùn jẹ́jẹ́ bi wá pé: «Ẹ jọ̀wọ́, olùkọ́, ṣé eré orí tẹlifóònù yìí kì í ṣe àìsàn?» Bàbá mìíràn kì í béèrè rárá, ó ti dá ẹjọ́ náà tán kí ó tó wọlé. Lójú tirẹ̀, eré fídíò ni ó ba ọpọlọ ọmọ òun jẹ́, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn oníṣègùn àti àwọn ìjọba ti ń jiyàn lé e lórí. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ tọ ipasẹ̀ àríyànjiyàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a lè ya ohun tí ìwádìí fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ̀rù sọ, kí a sì mọ ohun tí ó kù fún àwa tí ọmọ wà lọ́wọ́ wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ láti ṣe.

Láti ilé ìwádìí dé inú àpò

Eré fídíò kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Ní ọdún 1958, William Higinbotham, onímọ̀ físíìsì ní ilé ìwádìí Brookhaven ní Amẹ́ríkà, ṣe eré tẹ́níìsì kékeré kan sójú ẹ̀rọ ìwádìí, kí ìbẹ̀wò má baà sú àwọn àlejò tí ó wá wo ibẹ̀. Ní ọdún 1962, Steve Russell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT ṣe Spacewar!, eré ọkọ̀ òfuurufú méjì tí ń ta ara wọn níbọn. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àìsàn nígbà náà, nítorí pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó lè dé ìdí kọ̀ǹpútà.

Ọdún 1972 ni nǹkan yí padà. Ilé iṣẹ́ Atari gbé Pong lọ sí àwọn ilé ọtí. Ní ọdún kan náà, ẹ̀rọ Magnavox Odyssey, tí ó ti inú èrò Ralph Baer jáde, gbé eré wọ inú ilé, sójú tẹlifíṣọ̀n. Ní ọdún 1978, Tomohiro Nishikado ti ilé iṣẹ́ Taito ní Jàpáánù ṣe Space Invaders, òkìkí rẹ̀ sì kàn ká gbogbo ayé. Ní ọdún 1989, Game Boy ti ilé iṣẹ́ Nintendo sọ eré di ohun tí a ń mú rìn. Lẹ́yìn náà ni tẹlifóònù gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

A bẹ ẹ̀yin òǹkàwé kí ẹ kíyè sí ohun kan nínú ìrìn àjò yìí. Ní ilé ọtí, ẹyọ owó ni ó ń fi òpin sí eré: bí owó bá tán, eré tán. Nínú ilé, owó kò dá eré dúró mọ́, ṣùgbọ́n ìyá ṣì lè pa tẹlifíṣọ̀n. Lórí tẹlifóònù, lábẹ́ aṣọ ìbora, kò sí ẹyọ owó, kò sì sí ìyá. Ọ̀nà kan náà ni eré gbà ní àwọn ìlú wa. Àwọn tí ó jẹ́ ọmọ ilé ìwé nígbà tiwa yóò rántí yàrá eré tí a ti ń sanwó fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú láti gbá bọ́ọ̀lù lórí PlayStation. Bí àkókò bá ti pé, ẹni tí ó ni yàrá náà á gba «manette» lọ́wọ́ ẹni, àfi kí a máa lọ sílé. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ lónìí kò ní ẹni tí yóò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí ara rí

Ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ kígbe. Ní ọdún 1981, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine tẹ lẹ́tà kan jáde tí ó fún ọrùn ọwọ́ dídùn ní orúkọ tuntun: ọrùn ọwọ́ Space Invaders. Ní ọdún 1990, ìwé ìròyìn kan náà sọ ti obìnrin ẹni ọdún 35 kan tí ó fi wákàtí márùn-ún ṣe eré Nintendo láìsinmi, tí àtàǹpàkò rẹ̀ sì ń ro ó gidigidi. Oníṣègùn tí ó kọ̀wé náà pè é ní «nintendinitis». Ẹ̀rín wà nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí, ìsinmi sì tó láti wo irú ìrora bẹ́ẹ̀ sàn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2005 kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ní ìlú Daegu ní Korea Gúúsù, ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan kú ní ilé íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ó ti fi nǹkan bí 50 wákàtí ṣe eré StarCraft, tí kò fi bẹ́ẹ̀ sùn, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ibi tí ewu wà gan-an hàn wá: kì í ṣe nínú àwòrán tí ń sáré lójú ẹ̀rọ, bí kò ṣe nínú oorun tí a kò sùn àti ìjókòó tí a kò dìde kúrò lórí rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán. Àwọn onímọ̀ nípa oorun sì ní wákàtí 8 sí 10 ni ó yẹ kí ọmọ ọdún 13 sí 18 máa sùn. Ọmọ tí ó ṣeré di aago méjì òru, tí ó sì jí ní aago mẹ́fà láti wá sí ilé ìwé, ìdajì oorun tí ó kéré jù lọ ni ó sùn. Kò nílò àìsàn mìíràn kí ó tó gbàgbé ohun tí a kọ́ ọ.

Ẹjọ́ ọpọlọ

Lórí ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni ariwo ti pọ̀ jù. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1982, C. Everett Koop, olórí oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà, sọ ní ìlú Pittsburgh pé eré fídíò ti gba àwọn ọmọ tara tọkàn. Kò pẹ́ tí ó fi ní láti ṣàlàyé pé èrò ti ara òun ni, pé kò sí ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀. Ayé rántí ọ̀rọ̀ náà. Ayé gbàgbé àtúnṣe rẹ̀.

Ní ọdún 1998, àwọn olùwádìí ní ìlú London fi hàn pé dopamine, èròjà kan tí ó máa ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ bí a bá ń retí èrè, ń jáde nígbà tí ènìyàn bá ń ṣe eré fídíò. Àwọn kan kígbe pé oògùn olóró ni eré nígbà náà. Wọ́n gbàgbé pé èròjà kan náà ń ṣiṣẹ́ bí a bá ń jẹ oúnjẹ tí ó dùn mọ́ wa.

Ìwádìí mìíràn sì gbè sẹ́yìn eré. Ní ọdún 2003, Shawn Green àti Daphne Bavelier ní Yunifásítì Rochester rí i pé ojú àwọn tí ń ṣe irú àwọn eré kan tètè ń mú nǹkan ju ti ẹlòmíràn lọ. Ní ọdún 2007, ìwádìí kan láàárín àwọn oníṣẹ́ abẹ fi hàn pé àwọn tí ó ti máa ń ṣeré ju wákàtí mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀ ń ṣe àṣìṣe tí ó fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò ṣeré rí, nígbà tí wọ́n ń fi irinṣẹ́ oníkámẹ́rà dánra wò. Ìyẹn kò fi hàn pé eré ni ó sọ wọ́n di ọ̀jáfáfá. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ni eré máa ń wù.

Níkẹyìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá sí i. Ní ọdún 2018, ó kọ àìsàn eré fídíò sínú ìwé àkójọ àwọn àìsàn rẹ̀. Ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní ọdún 2022. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ ka ohun tí ó sọ. Àmì mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ wà: kí ènìyàn má lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, kí eré ṣáájú ohun gbogbo yòókù nínú ayé rẹ̀, kí ó sì máa bá a lọ bí ó tilẹ̀ ń rí ìpalára rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ba ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ tàbí àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn jẹ́ gidi, ó sì sábà gbọ́dọ̀ tó oṣù 12. Ọmọ tí ó fi ọ̀sẹ̀ ìsinmi kan ṣeré kò sí nínú rẹ̀.

Òfin àti ilé

Àwọn ìjọba kan gbìyànjú láti fi òfin wo ohun tí oníṣègùn ṣì ń jiyàn lé lórí. Ní ọdún 2011, Korea Gúúsù ti ilẹ̀kùn eré orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ àwọn tí kò tó ọdún 16, láti agogo méjìlá òru títí di mẹ́fà òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n eré kọ̀ǹpútà ni òfin náà mú. Àwọn ọmọ sì kó lọ sórí tẹlifóònù. Ní ọdún 2021, ìjọba pinnu láti fagi lé e. Ní ọdún kan náà, Ṣáínà gba ọ̀nà tí ó le jù: wákàtí kan péré ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú àti ní ọjọ́ ìsinmi, fún gbogbo ẹni tí kò tó ọdún 18.

Àwa kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ní àṣà eré. Ọpọ́n ayò, pẹ̀lú ihò 12 àti ọmọ ayò 48 rẹ̀, dùn títí dé ibi pé a fún àwọn tí ń ta á lórúkọ, ọ̀ta àti ọ̀pẹ. Ojú gbangba ni a ti ń ta á, lábẹ́ igi, nígbà tí iṣẹ́ bá dilẹ̀. Ẹni tí ó bá tìtorí ayò pa oko tì, àwọn tí ó dúró ti ọpọ́n yóò sọ fún un. Kì í ṣe pé ayò kò lè gba ọkàn ènìyàn. Ojú àwọn ẹlòmíràn ni ó ń ṣọ́ ọ. Ohun tí tẹlifóònù gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn.

A fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan kí a tó parí. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tí ó máa ń sùn ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. A gba tẹlifóònù rẹ̀, a sì sọ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé eré ti sọ ọ́ di aláìsàn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá, a gbọ́ pé láti aago mẹ́rin ìdájí ni ọmọ náà ti ń bá a ro àkàsà tí ó ń tà. Ojú tì wá. A dá tẹlifóònù padà, ṣùgbọ́n orúkọ tí a fún un kò tètè kúrò lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí Koop ṣe ní ọdún 1982 ni àwa náà ṣe.

Nítorí náà, bí ìyá kan bá tún bi wá léèrè ní òpin sáà yìí, a kò ní sọ pé àìsàn ni, a kò sì ní sọ pé kì í ṣe àìsàn. A ó bi í pé: wákàtí mélòó ni ọmọ ń sùn? Ǹjẹ́ ó ṣì ń jáde gbá bọ́ọ̀lù tòótọ́? Bí ẹ bá ní kí ó dáwọ́ eré dúró, ǹjẹ́ ó lè dáwọ́ dúró? Àti ní òru, yàrá ta ni tẹlifóònù wà? Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wo ọmọ lójú nìkan ni ó lè mọ ibi tí àṣejù ti bẹ̀rẹ̀.