Victor Ọláìyá: Olórin Tí Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Di Ilé-Ẹ̀kọ́

Bí ẹgbẹ́ wa ṣe pé ọdún mẹ́wàá, ó yẹ kí á rántí olórin kan tí àwọn òbí wa jó sí orin rẹ̀: Dókítà Victor Abímbọ́lá Ọláìyá, ọ̀gá nínú haílaìfù.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Ìsù ní Èkìtì ni, ṣùgbọ́n Kàlàbá ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1930. Ọmọ mẹ́rìnlélógún ni bàbá rẹ̀ bí. Mọ́kàndínlógún ló ṣíwájú rẹ̀. Ní 1951, Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà gbà á láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Kò lọ. Fèrè ló wù ú. Ó dun àwọn òbí rẹ̀, torí pé lójú àgbà ìgbà náà, alágbe ni olórin.

Ó bá Bobby Benson ṣiṣẹ́, ó sì dá Cool Cats sílẹ̀ ní 1954. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ní 1956, Cool Cats ló kọrin níbi ijó ìjọba. Ní ọdún òmìnira, 1960, àwọn náà ni. Ní 1963, wọ́n di All Stars, wọ́n sì lọ síbi àjọ̀dún orin jazz ní Czechoslovakia. Fèrè lọ́wọ́ kan, áńkáṣíìfù funfun lọ́wọ́ kejì, bíi ti Louis Armstrong.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tó jù lójú mi ni àwọn tó tọ́. Nígbà tí Tony Allen dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, igi kékeré méjì ni wọ́n kọ́kọ́ fún un kí ó máa lù mọ́ra. Nígbà tí onílù lọ, òun ni Ọláìyá fi sídìí ìlù. Fela náà ti bá Cool Cats ṣeré kí ó tó lọ sí London ní 1958. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n wá jọ gbé Afrobeat kalẹ̀.

Ọláìyá kò fi ọmọdé sílẹ̀ nígbà tí ó dàgbà. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà tí òun àti 2Face jọ tún "Baby Jowo" kọ ní 2013. Ó papò dà ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì, 2020.

Ní Ìyànà Ìpájà wa níbí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń lùlù, tó ń fọn fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe nìyẹn, ẹ má pè é ní alágbe. Ẹgbẹ́ tí kò bá fún ọmọdé ní igi méjì lù, ọjọ́ tí àgbà bá lọ ni ìlù rẹ̀ dákẹ́. Ìlù tiwa kò ní dákẹ́ o. Àṣẹ.