Òrùlé Rìbìtì àti Àmùrè Rẹ̀

Òrùlé rìbìtì ni òrùlé tó tẹ̀ yíká lórí ilé bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, tí kò sì ní òpó kankan láàárín. Ó wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti gbọ̀ngán eré ìdárayá káàkiri ayé. Ẹni tó bá gbójú sókè wò ó lè máa bẹ̀rù pé àárín rẹ̀ ni yóò já lulẹ̀. Bí wọ́n bá fi òkúta tàbí bíríkì kọ́ ọ, apá òkè máa ń fún ara rẹ̀ pọ̀, á sì gan. Ìdí rẹ̀ ló máa ń fẹ́ là, tí á máa ti ògiri tó gbé e ró síta. Bíríkì kò kọ ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fà á, kíá ni yóò sán. Ohun yòówù tí a bá gbọ́ nípa ẹwà àwọn òrùlé wọ̀nyí, ìbéèrè kan ló wà nídìí ìtàn wọn: kí ni àwọn tó kọ́ wọn fi di ìdí wọn lámùrè?

Àwọn ará Róòmù ìgbàanì fi ìwúwo dáhùn. Òrùlé tẹ́ńpìlì Pantheon, tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 126 nígbà ìjọba Hadrian, fẹ̀ ní mítà 43.3 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Láti ilẹ̀ dé góńgó rẹ̀ náà, mítà 43.3 ni. Kankéré tí kò ní irin nínú ni, kò sì tíì sí irú rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ títí di òní. Òkúta tó wúwo ni wọ́n pò mọ́ kankéré ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gòkè ni wọ́n ń fi èyí tó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀, títí wọ́n fi dé orí òkúta oníhò tí òkè ayọnáyèéfín ń pọ̀ jáde. Ní ìdí, òrùlé náà nípọn tó mítà mẹ́fà; ní òkè, kò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Ihò ńlá kan wà ní góńgó rẹ̀ tí oòrùn ń gbà wọlé. Òjò náà ń gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì dá ihò kéékèèké sí ilẹ̀ kí omi lè rí ibi lọ. Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n yìí, ó sán. Ìlà sísán gba inú rẹ̀ láti ìdí lọ sókè. Ògiri gìrìwò tó yí i ká ni kò jẹ́ kó là.

Ní Constantinople, tí à ń pè ní Istanbul lónìí, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjà ìgboro jó ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà ní 532, Olú-ọba Justinian sì gbé iṣẹ́ àtúnkọ́ rẹ̀ fún Anthemius ará Tralles àti Isidore ará Miletus, ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò àti ìwọ̀n ni àwọn méjèèjì. Kò tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi ṣí Hagia Sophia, ní 537. Òpó ràbàtà mẹ́rin ni wọ́n nà ró, wọ́n fi bíríkì títẹ̀ so orí wọn pọ̀, wọ́n sì fi bíríkì onígun mẹ́ta tó tẹ̀ sínú dí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí òrùlé roboto lè rí ibi jókòó lórí ilé onígun mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá fèrèsé 40 yí ìdí òrùlé náà ká. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àwọn fèrèsé yẹn wọlé ló ń mú kí ó dà bí ẹni pé òrùlé náà kò fara kan ohunkóhun, ó sì ti ya àlejò lẹ́nu láti ìgbà náà wá. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí wọ́n ti dì í mú gan-an ni wọ́n lu ní ihò.

Ilẹ̀ mì ní ìlú náà léraléra, òrùlé náà sì já ní 558. Isidore Kékeré, mọ̀lẹ́bí Isidore àkọ́kọ́, ló tún un kọ́. Ó gbé e ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí mítà mẹ́fà, nítorí òrùlé tó bá ṣe pẹrẹsẹ ló máa ń ti ògiri síta jù. Apá kan tún já ní 989, Trdat ará Armenia ló tún un ṣe. Apá mìíràn já ní 1346. Nígbà tí ìlú bọ́ sọ́wọ́ àwọn Tọ́kì ní 1453, tí ṣọ́ọ̀ṣì náà di mọ́ṣáláṣí, ìtọ́jú rẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Mímar Sinan, olórí ayàwòrán ilé fún ọba wọn, kọ́ ògiri àfẹ̀yìntì tì í. Sinan yìí kan náà ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Selimiye sí Edirne láàárín 1568 sí 1575, orí òpó mẹ́jọ ló sì gbé òrùlé rẹ̀ lé dípò mẹ́rin. Nínú ìtàn ayé rẹ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ akéwì, Sâi Mustafa Çelebi, kọ sílẹ̀, ó yangàn pé òun ti fi èyí borí Hagia Sophia. Bó bá jẹ́ ti fífẹ̀ ni, àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ, nǹkan bí mítà 31 ni. Bó bá jẹ́ ti ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ ni, Sinan jàre.

Òrùlé Àpáta tó wà ní Jerúsálẹ́mù, tí Kálífà Abd al-Malik kọ́ ní 691 sí 692, bọ́ nínú wàhálà yìí nítorí pé igi ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ohun tó fúyẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ti ògiri.

Èyí tí mo gbà pé ó ga jù nínú ọgbọ́n wà ní Florence, ní Ítálì. Ní 1296 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ kàtídírà Santa Maria del Fiore. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n kọ́ ọ, títí ó fi ku òrùlé, ihò onígun mẹ́jọ tó fẹ̀ ju mítà 40 lọ sì ń wo ojú ọ̀run láìsí ẹni tó mọ bí wọn yóò ṣe bò ó. Ìlú ti pinnu pé àwọn kò ní fi ògiri àfẹ̀yìntì tì í bíi ti àwọn ará Fáránsé. Igi tí wọn ìbá fi gbé bíríkì ró láti ilẹ̀ títí yóò fi gbẹ náà ṣòroó rí, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ní 1418 wọ́n pe ìdíje. Filippo Brunelleschi, alágbẹ̀dẹ wúrà, ní òun yóò kọ́ ọ láìsí igi agbéró kankan láti ilẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1420. Òrùlé méjì ni ó kọ́, ọ̀kan nínú èkejì, àlàfo sì wà láàárín wọn tí ènìyàn lè gbà gòkè. Ó fi òkúta tí wọ́n fi irin so mọ́ra àti ìtì igi yí i ká bí ó ṣe ń ga, àmùrè tí a kò lè rí láti ìta. Ó ń to bíríkì kan ní òró láàárín àwọn tó dùbúlẹ̀, kí èyí tó dúró lè di èyí tó sùn mú kó má yọ̀ kí ó tó gan. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tí màlúù ń yí láti fa ẹrù sókè. Bí ẹrù bá fẹ́ padà wálẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n ń pa dà, màlúù kò ní láti yí padà. Ní 1434, nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ, ẹgbẹ́ àwọn mọlémọlé ní kí wọ́n tì í mọ́lé nítorí kò san owó ẹgbẹ́. Wọn kò tì í pẹ́. Ní 1436 òrùlé náà parí, bíríkì inú rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Brunelleschi kú ní 1446, inú kàtídírà náà ni wọ́n sin ín sí.

Títí di àkókò yìí, kò sí ẹni tó ń fi ìṣirò mọ̀ bóyá òrùlé yóò dúró. Vitruvius ará Róòmù ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ilé gbọ́dọ̀ lágbára, kí ó wúlò, kí ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n àtọwọ́dọ́wọ́ ni àwọn kọ́lékọ́lé ń tẹ̀ lé. Ní Lọ́ndọ́nù ní 1675, Robert Hooke tẹ ìmọ̀ kan jáde, ó sì da lẹ́tà rẹ̀ rú kí ẹnikẹ́ni má baà jí i. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn tó rí i kà: bí ẹ̀wọ̀n bá so rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, tí a wá dojú ìrísí rẹ̀ dé, ìrísí yẹn ni bíríkì lè gbà dúró láìsí ohun tó ń fà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Christopher Wren lo èrò yìí fún kàtídírà St Paul's, tí wọ́n kọ́ láti 1675 sí 1710. Igi tí wọ́n fi òjé bò ni òrùlé tí ará Lọ́ndọ́nù ń wò. Bíríkì tó rí ṣóńṣó lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbé ẹrù.

Ní Róòmù, òrùlé St Peter's, tí Michelangelo yà tí Giacomo della Porta sì parí ní 1590, sán débi pé ẹ̀rù ba Póòpù Benedict XIV. Ó ní kí àwọn onímọ̀ ìṣirò mẹ́ta yẹ̀ ẹ́ wò ní 1742, lẹ́yìn náà ó pe Giovanni Poleni láti Padua. Poleni so ẹ̀wọ̀n rọ̀ bíi ti Hooke, ó kó ẹrù sára rẹ̀, ó sì fi hàn pé òrùlé náà kò ní wó. Síbẹ̀ wọ́n fi òrùka irin márùn-ún dì í, àti ìkẹfà lẹ́yìn náà. Bóyá ìṣirò ni ó fọkàn Póòpù balẹ̀ tàbí irin, ẹ bá mi dá a.

Ìwé tó bá sọ ìtàn yìí sábà máa ń fò kọjá ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì yẹ kó dúró níbẹ̀. Àwọn Musgum, ní àríwá Kamẹrúùnù, ń fi amọ̀ lásán mọ ilé tó rí ṣóńṣó, tó ga tó mítà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, tí ògiri àti òrùlé rẹ̀ jẹ́ ohun kan náà. Ìrísí rẹ̀ súnmọ́ ti ẹ̀wọ̀n Hooke tí a dojú rẹ̀ dé, nítorí náà ìdí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò àmùrè. Amọ̀ ń fẹ́lẹ́ bó ṣe ń gòkè, bí kankéré Pantheon. Àwọn igun amọ̀ tó yọ síta lára rẹ̀ ni wọ́n ń gùn bí àtẹ̀gùn tí wọ́n bá fẹ́ tún un rẹ́, wọ́n sì ń darí omi òjò. André Gide ará Fáránsé rí wọn nínú ìrìn-àjò rẹ̀ ní 1925 sí 1926, ó sì yìn wọ́n nínú ìwé rẹ̀.

Irin ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Irin dídà ni wọ́n fi kọ́ òrùlé Capitol ní Washington, iṣẹ́ tó parí ní 1866. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá irin sínú kankéré, àmùrè wọ inú òrùlé fúnra rẹ̀, ìdíje sì di ti fífẹ̀ àti gíga. Ìdíje yẹn náà dé ọ̀dọ̀ wa: mọ́ṣáláṣí àpapọ̀ Àbújá, tí wọ́n parí ní 1984, ní òrùlé aláwọ̀ wúrà, basilica tí Ààrẹ Houphouët-Boigny kọ́ sí Yamoussoukro ní Côte d'Ivoire láàárín 1985 sí 1989 sì ga ju St Peter's lọ bí a bá ka àgbélébùú orí rẹ̀ mọ́ ọn. Pier Luigi Nervi kò fara mọ́ pé kí a fi àmùrè pamọ́. Ní Palazzetto dello Sport, tó kọ́ sí Róòmù ní 1957, gbangba ìta ni ó to àwọn òpó dídagun rẹ̀ yíká, kí gbogbo ènìyàn lè rí wọn bí wọ́n ṣe ń gba ohun tí òrùlé ń tì síta.

Buckminster Fuller ará Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ mú ìwúwo kúrò. Òrùlé tó ṣe fún ìpàtẹ àgbáyé Montreal ní 1967 fẹ̀ ní mítà 76, ọ̀pá irin tí wọ́n so ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta àti ike tí a lè rí òdìkejì rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ní 1976, iná jó ike náà tán níbi tí wọ́n ti ń ṣàtúnṣe. Irin rẹ̀ kò wó, wọn kò sì fi ike mìíràn bò ó mọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa àyíká ló wà nínú rẹ̀ báyìí.