Ọkọ̀ Tí Epo Pọ̀ Jù Nínú Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀

Ẹni tó bá dúró ní Paparanda, láàárín ìlú Lọ́kọ́ja, kò ní pẹ́ rí ọkọ̀ tí epo ti pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí awakọ̀ bá ti tẹ iná, sáìlẹ́ńsà á tú èéfín dúdú, òórùn bẹntiróòlù á sì kọlu imú ẹni tó wà lẹ́yìn. Dúdú ni kí a wò o. Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tó nípọn tí kò tán bọ̀rọ̀, omi rédíétọ̀ ló ti ráyè wọlé.

Kí bẹntiróòlù kìlógíráàmù kan tó lè jó tán pátá, afẹ́fẹ́ kìlógíráàmù 14.7 ni yóò bá a rìn. Bí afẹ́fẹ́ bá dín sí ìyẹn, epo kan á ṣẹ́kù tí iná kò kàn. Yóò kun pọ́lọ́ọ̀gì dúdú bí ìdí ìkòkò, yóò fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, yóò sì ṣàn lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá fa gééjì ọ́ìlì yọ tó ń rùn bíi bẹntiróòlù, ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ nìyẹn.

Nígbà ayé Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, kabúrétọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ṣóòkì tó há tàbí fílítà afẹ́fẹ́ tí eruku ọ̀yẹ́ ti dí tó láti sọ ọkọ̀ di ọ̀mùtí. Ojú ọjọ́ náà ń dá sí i. Lọ́kọ́ja wà nínú àfonífojì tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ooru ibẹ̀ sì gbajúmọ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju tútù lọ, ṣùgbọ́n kabúrétọ̀ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń tú epo láàárọ̀ ló ń tú u lọ́sàn-án. Ní Jọ̀s, tó ga ju 1,200 mítà lọ, afẹ́fẹ́ tún fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ òde òní ní ọpọlọ, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì. Sẹ́ńsọ̀ ló ń ròyìn fún un, àléébù tó bá sì wà sábà máa ń jẹ́ irọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń pa. Lọ́dún 1976 ni Bosch àti Volvo gbé sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn jáde, èyí tó ń tọ́ èéfín wò: bó bá rí epo púpọ̀, iná rẹ̀ á gòkè sí nǹkan bíi 0.9 fóòtì, bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, á wálẹ̀ sí 0.1. Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ihò tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ ìyẹ̀wò sí, ìyẹn ló fi wà lára ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà lójú pópó wa.

Kóòdù tí ẹ̀rọ náà sábà máa ń gbé jáde ni P0172, tó túmọ̀ sí pé epo ti pọ̀ jù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí wọ́n á sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, ẹni tó mú ìròyìn wá ni wọ́n ń nà. Iye tí bíréènì ń fi kún epo tàbí tó ń yọ kúrò ló yẹ kí wọ́n wò. Bó bá ń yọ ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nígbà tí ọkọ̀ dúró lójú kan, tó sì ń dín kù bí ẹ́ńjìnnì bá yára, ó ṣeé ṣe kí nọ́súlù kan máa jò. Bí ó bá ń le sí i pẹ̀lú eré, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí bíréènì bá ń fi epo kún un nígbà tí èéfín dúdú ń jáde, a jẹ́ pé irọ́ ti wọ̀ ọ́. Ihò lára páìpù èéfín, níwájú sẹ́ńsọ̀, lè fa irú rẹ̀: afẹ́fẹ́ ìta á wọlé, sẹ́ńsọ̀ á sì kígbe pé epo kò tó.

Àléébù kan tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ ara wa la fi ṣe é. Mẹkáníìkì á yọ tẹmọ́sítáàtì sọnù, á ní ilẹ̀ Nàìjíríà gbóná, ọkọ̀ kò nílò rẹ̀. Nǹkan kékeré yìí ló ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi á máa yí láìdúró, bíréènì á rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, á sì máa da epo sí i bí ẹni tó ń koná fún olótùútù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò ní sí kóòdù P0172 rárá, torí bíréènì fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ.

Epo tó ń ṣòfò báyìí kì í ṣe owó kékeré mọ́. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù Èbìbí 2023, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà kan kò tó 200 náírà. Lọ́dún 2024 ó ti tó 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Awakọ̀ tó bá fura kò nílò ẹ̀rọ láti bẹ̀rẹ̀. Kó kúrò ní Paparanda, kó forí lé ọ̀nà Koton-Karfe, kó máa wo abẹ́rẹ́ ìgbóná lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá ń gòkè nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, tó tún ń wálẹ̀ ní kété tí ọkọ̀ bá bọ́ sójú ọ̀nà gbalasa tó ń sáré, kó yà, kó lọ bi mẹkáníìkì rẹ̀ ibi tó sọ tẹmọ́sítáàtì sí.